Ilé Táyà: Ìtàn Irin Tí Ojú Kì Í Rí

Ohùn yẹn la kọ́kọ́ gbọ́. Ṣííí, ṣííí, nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò. Ọkọ̀ náà ni Ìjàpá bàbá wa, Volkswagen tí wọ́n ti rà kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti jókòó sẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó dáwó jọ láti jí i dìde. A tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, a kùn ún lọ́dà, a sì wọ ríìmù tòkunbọ̀ àti táyà tó fẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, torí a fẹ́ kó rí bí ọkọ̀ ọmọ ìgbà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá wa àti àbúrò wọn jókòó sẹ́yìn, a forí lé Ọ̀yọ́. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí táyà ẹ̀yìn fi bẹ́. Ọlọ́run ló yọ wá, a ò sáré. Nígbà tí a tú táyà náà, a rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sínú ti gé yíká, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì. Irin ọkọ̀ náà gan-an ló ń jẹ táyà rẹ̀.

Irin wo? Bí ẹ bá yọ táyà ọkọ̀, tí ẹ sì yọjú sókè, ẹ ó rí páànù kan tó tẹ̀ bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Fẹ́ńdà òde layé ń rí, òun la ń kùn, òun la ń nù. Fẹ́ńdà inú ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń gba òkúta, ẹrẹ̀ àti omi tí táyà ń jù sókè, kó má baà kan ẹ́ńjìnnì tàbí ibi tí èèyàn jókòó. Ilé táyà ni. Ẹni tó kọ́ ilé náà sì ti wọn ẹni tó máa gbébẹ̀: bó ṣe ga, bó ṣe fẹ̀, ibi tó máa yà sí tí a bá yí síárìn, ibi tó máa gòkè dé tí ẹrù bá wúwo. Bí àlejò tó sanra ju onílé lọ bá wọlé, ara ògiri ni yóò máa ha.

Ìgbà kan wà tí táyà ò nílé. Ara kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni ọkọ̀ ti kọ́ fẹ́ńdà, kí ẹrẹ̀ má baà ta sáṣọ ẹni tó jókòó. Ẹ wo Model T ti Ford, èyí tí wọ́n ṣe láti 1908 sí 1927, tó lé ní mílíọ̀nù 15. Fẹ́ńdà rẹ̀ nà lókè táyà bí agboòrùn, gbangba ni táyà wà. Ẹni tí kò bá fẹ́ fẹ́ńdà yóò tú bóòtù, ó parí. Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1930, ara ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fẹ́ńdà mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Ford ti 1949 fi máa jáde, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti di ògiri gbọọrọ kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti sé táyà mọ́lé.

Ìjàpá tiẹ̀ wà láàárín ayé méjèèjì. Jámánì ni wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ni wọ́n sì fi bóòtù dè mọ́ ara. Fẹ́ńdà òde ṣeé tú. Ògiri inú ò ṣeé tú, torí ara ilé fúnra rẹ̀ ni.

Ta ló wá kọ́kọ́ sọ gígé ògiri inú yìí di iṣẹ́ ọwọ́ tó lókìkí? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Califọ́níà, l'Ámẹ́ríkà. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé làwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti ń kó ọkọ̀ àlòkù lọ sórí àwọn adágún tó ti gbẹ, bíi Muroc àti El Mirage, láti wo ẹni tó máa sáré jù. Ní 1937, àwọn ẹgbẹ́ wọn para pọ̀ dá Southern California Timing Association sílẹ̀. Wọn ò lówó ọkọ̀ ìdíje. Wọ́n á ra Ford àtijọ́, wọ́n á tú fẹ́ńdà dànù kó lè fúyẹ́, wọ́n á sì tún ẹ́ńjìnnì ṣe títí tí yóò fi máa ké bí ẹkùn. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ padà sílé pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ lójú ogun: irin jíjó pọ̀, páànù títẹ̀, ẹ́ńjìnnì títú. Ìwé ìròyìn Hot Rod jáde ní oṣù kìíní 1948. Ní 1951, Wally Parks dá National Hot Rod Association sílẹ̀, eré ìdíje wá ní òfin.

Ìdíje tó gbajúmọ̀ jù ni ti ìdámẹ́rin máìlì, nǹkan bíi mítà 402, lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé agbára ẹ́ńjìnnì nìkan ò tó. Bí táyà ẹ̀yìn ò bá di ilẹ̀ mú, yóò kàn máa yí lójú kan ni, èéfín á máa rú. Oògùn rẹ̀ ni táyà tó fẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń rí rà nígbà náà ti di olódi, kì í ṣe ti bóòtù mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìpele ìdíje kan ṣì fẹ́ kí ọkọ̀ máa jọ èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n wọ inú lọ. Wọ́n gé fẹ́ńdà inú kúrò, wọ́n tẹ páànù tuntun tó jinlẹ̀ jù ú lọ, wọ́n sì jó o mọ́ ibẹ̀. Wọ́n ń pe páànù náà ní tub, ìyẹn ọpọ́n, torí bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó dúró lójú títì yóò rí ọkọ̀ tó mọ̀ láti kékeré, kò ní mọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí i nínú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Gígé yẹn léwu o. Nínú ọkọ̀ mìíràn, páànù inú yìí wà lára egungun tó gbé ọkọ̀ ró. Mustang tí Ford gbé jáde ní oṣù kẹrin 1964 jẹ́ àpẹẹrẹ: ara ilé táyà iwájú ni sípíríìǹgì rẹ̀ ti rí ibi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá gé e láìfi irin mìíràn rọ́pò, òpó ilé ló gé yẹn. Ohun tí a bá sì ti gé, a ò lè dá a padà bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ fi ń jà títí dòní: àwọn kan ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ayùn kàn án, àwọn kan ní ọkọ̀ tí kò rìn, ère ni.

Ìjà yẹn gan-an ló wọ ilé wa. Nígbà tí bàbá wa gbọ́ pé a fẹ́ gé inú Ìjàpá, ojú wọn le. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí gbé ìyá yín lọ sọ́sibítù lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ̀ wálé. Òun lẹ wá fẹ́ fi ayùn gé?" A ò rí èsì fọ̀.

Ṣé ẹ ó ní ká kúkú dá táyà àtijọ́ padà? A wá a. Nọ́ńbà táyà Ìjàpá àtijọ́ ni 5.60-15: ó fẹ̀ tó íǹṣì 5.60, nǹkan bíi mìlímítà 142, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 15. Táyà tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ 195/65R15, mìlímítà 195. Ẹ yọ 142 kúrò nínú 195, ó ku 53. Bí ìdajì rẹ̀ bá wọnú, ó ti lé ní mìlímítà 26, ká má tíì sọ pé ríìmù tòkunbọ̀ tiwa tún ti táyà sínú sí i. R tó wà láàárín nọ́ńbà yẹn dúró fún radial, irú táyà tí Michelin gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1946. Ó ń pẹ́ kó tó jẹ, ó sì ń di ilẹ̀ mú, ló bá gba ọjà gbogbo ayé díẹ̀díẹ̀. Bí ìwọ̀n àtijọ́ ṣe di ọ̀wọ́n nìyẹn. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ l'Ékòó, ọdún yẹn náà ni Pijó bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Nígbà yẹn, táyà wọn pọ̀ lọ́jà. Méjì péré la rí nígbà tiwa, àwọn méjèèjì ti gbẹ, wọ́n sì ti sán. Ìpẹtà ti jẹ ríìmù àtijọ́ náà tán.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Pánẹ́ẹ̀bítà àgbàlagbà kan ní mẹ̀káníìkì víléèjì ló bá wa yanjú ẹ̀. Wọ́n ti ń lu páànù Ìjàpá láti ìgbà tí wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Wọn ò gbé ayùn rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní ká to àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin sí ìjókòó ẹ̀yìn, ìyẹn kílò 200, kí ọkọ̀ lè jókòó bí ìgbà tí èèyàn kún inú rẹ̀. Wọ́n fi ẹfun kun ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n ní ká máa ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn. Ibi tí ẹfun lẹ̀ mọ́ lára irin, ibẹ̀ ni táyà ti ń kan ògiri. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ! Àwa tí a ti rò pé gbogbo rẹ̀ ni a ó gé, ojú tì wá.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó sìmẹ́ǹtì kúrò, wọ́n ní ká yọ ìjókòó, ká sì gbé bátìrì jáde, torí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá ń gbé, iná wẹ́dà ò sì mọ ojú ẹnìkan. Wọ́n gé páálí, wọ́n tún un gé títí tó fi bá ibẹ̀ mu, pẹ̀lú àyè ìka méjì láàárín òun àti táyà. Wọ́n gbé páálí lé páànù tí kò nípọn ju mìlímítà kan lọ, wọ́n gé e, wọ́n sì gbé e lórí àpò yanrìn, wọ́n ń fi òòlù onígi lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí tó fi tẹ̀ bí ikùn ìkòkò. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gé ara ọkọ̀. Wọn ò jó o lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á jó ojú kan níhìn-ín, wọ́n á lọ sí ọ̀hún, wọ́n á dúró kó tutù. Wọ́n ní páànù fẹ́lẹ́ tí iná bá pọ̀ lára rẹ̀ yóò wọ́ bí ewé gbígbẹ. Níkẹyìn, wọ́n dí gbogbo ojú ìsopọ̀ kí omi má ráyè, wọ́n sì kun ọ̀dà dúdú nínú àti lóde.

Wọn ò ya àwòrán kankan, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. A bi wọ́n pé ọmọ iṣẹ́ mélòó ló kù lọ́dọ̀ wọn. Ẹyọ kan ni. Àwa fi fóònù ya fídíò gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé fídíò ò gbọ́ ìró òòlù bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí a gbé ọkọ̀ délé, bàbá wa yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò rí ìyàtọ̀. Wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ fẹ́ńdà ẹ̀yìn, wọ́n fọwọ́ pa ojú ibi tí wọ́n jó fún ìgbà díẹ̀.

"Ta ló ṣe é?"

A sọ fún wọn.

"Ẹ bá mi kí wọn."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a tún forí lé Ọ̀yọ́. Bàbá wa ló wà á. Gbogbo kòtò tó wà lọ́nà la bọ́ sí, a ò gbọ́ ṣííí kankan. Ìyá wa ti sùn lọ lẹ́yìn ọkọ̀.