Ẹ̀tọ́ Ni: Owó Abiyamọ ti Kánádà Lẹ́nu Yorùbá

Ẹni tó bá pe owó tí wọ́n ń san fún ìyálọ́mọ tó gba ìsinmi ní Kánádà ní "owó ìrànwọ́" ti ṣì í pè. Inú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ owó ìdójútòfò àìríṣẹ́ṣe tí wọ́n fi ń san án, agbanisíṣẹ́ náà sì ń dá tirẹ̀. Ìbéèrè ẹ̀tọ́ ni kí a pe ìwé tí a ń kọ láti gbà á, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. (Ìpínlẹ̀ Quebec ní ètò tirẹ̀ láti ọdún 2006.)

Ọ̀nà méjì ni owó náà pín sí. Ti àkọ́kọ́ lè tó ọ̀sẹ̀ 15, ẹni tó lóyún tàbí tó bímọ nìkan ló wà fún: owó abiyamọ bá a mu wẹ́kú. Ti kejì, bàbá lè gbà á, ẹni tó gba ọmọ tọ́ náà sì lè gbà á. "Owó òbí" kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí bíbí wà nínú òbí, bẹ́ẹ̀ alágbàtọ́ kò bímọ náà. Owó ìtọ́mọ ló gba gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó pẹ́ kó tó fi ìbéèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ ló le jù. Bí ọ̀sẹ̀ 4 bá ti kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tí ènìyàn ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ó lè pàdánù nínú owó náà. Àmọ́ òfin gbà á láyè láti ní kí wọ́n ka ìbéèrè òun bí èyí tó ti dé ṣáájú. Ṣé ká pe ìyẹn ní sísún ọjọ́ sẹ́yìn? Ó léwu. Bí wọ́n bá sún ìdìbò síwájú, a mọ̀ pé ó di ọjọ́ mìíràn. Ẹlòmíràn á ní wọ́n sún un sẹ́yìn, ohun kan náà ló ní lọ́kàn. Ìkàlátẹ̀yìnwá ni mo fara mọ́, torí ó sọ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tó gbà fún un, ó gbọ́dọ̀ ní "ìdí tó mọ́gbọ́n dání". Ẹ má pè é ní àwáwí. Ohun tí ilé ẹjọ́ ń wò ni ohun tí olóye tó mọ ìṣọ́ra ì bá ṣe nípò yẹn, ìdí náà sì gbọ́dọ̀ bo gbogbo àkókò tó fi pẹ́. "Mi ò mọ òfin" nìkan kò tó. Kí ènìyàn ti tètè wádìí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ìyá wa ní Kánádà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má dúró de ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti ọwọ́ ọ̀gá wọn. Wọ́n lè fi ìbéèrè ẹ̀tọ́ wọn ránṣẹ́ kí ìwé náà tó dé.