Ìlú Abẹ́ Yìnyín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ni ó wà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìtàn ibùdó kan mu, èyí tí a kọ́ sínú yìnyín ní àríwá ayé, tí a sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé ojú ènìyàn kò ní tún kàn án mọ́.

Gíríńláńdì, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Dẹ́nmárkì, ni erékùṣù tí ó tóbi jù lọ ní ayé. Yìnyín ni ó bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìnípọn yìnyín náà sì ju máìlì kan lọ ní ibi púpọ̀. Ní ọdún 1959, àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ihò gígùn-gígùn sínú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ibùdó Camp Century síbẹ̀. Ilé ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn wà níbẹ̀. Agbára átọ́mù ni ó sì ń fún wọn ní iná. Wọ́n kéde fún aráyé pé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni àwọn bá lọ. Ṣùgbọ́n ète mìíràn wà nínú wọn: wọ́n ń gbèrò láti kó àdó olóró 600 pamọ́ sábẹ́ yìnyín, wọn kò sì sọ èyí fún ìjọba Dẹ́nmárkì. Ọdún 1997 ni àṣírí náà tú.

Yìnyín kò gbà fún wọn. Ojú ń wò ó bí òkúta, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rìn; ògiri ń fún mọ́ra, àjà ń wọ̀ sílẹ̀. Wọ́n yọ ẹ̀rọ átọ́mù náà kúrò; nígbà tí ó sì di 1967, wọ́n kó lọ pátápátá. Wọ́n fi ilé, epo dísẹ̀lì àti omi ẹ̀gbin sílẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé òjò dídì ọdọọdún yóò máa bò wọ́n mọ́lẹ̀ títí ayé.

Síbẹ̀, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi bojú náà so èso. Ní 1966, wọ́n gbẹ́ ihò tóóró kan láti òkè yìnyín dé ilẹ̀, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sì lé ní mítà 1,380. Ọ̀mọ̀wé ará Dẹ́nmárkì kan, Willi Dansgaard, yẹ yìnyín tí wọ́n fà jáde wò. Bí òjò dídì ọdún kan ti ń tẹ ti èkejì mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa àmì ooru àti òtútù ìgbà tirẹ̀ mọ́. Ní 1969, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìtàn ojú ọjọ́ nǹkan bí 100,000 ọdún jáde nínú rẹ̀.

Iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ ihò náà ni a gbàgbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a padà yẹ̀ ẹ́ wò, ewé àti ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ ni a bá nínú rẹ̀. Ní 2023, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ní nǹkan bí 400,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín ti yọ́ tán lórí ilẹ̀ náà. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ń há ooru mọ́ ayé kò sì pọ̀ nígbà náà tó ti òde òní. Ohun tí àwọn ológun pè ní ibi ìpamọ́ ayérayé ti yọ́ rí.

Ní 2016, àwọn onímọ̀ ṣírò pé bí ayé bá ń gbóná sí i, yíyọ́ lè borí òjò dídì ní Camp Century kí ọ̀rúndún yìí tó parí. Ìwádìí 2021 sọ pé ẹ̀gbin náà kò ní yọjú ṣáájú 2100. Ọjọ́ ni ó sún síwájú; ẹrù náà ṣì wà níbẹ̀.

Bí gbogbo yìnyín Gíríńláńdì bá yọ́, òkun yóò fi nǹkan bí mítà 7 ga sí i. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀: láàárín 1992 àti 2018, yìnyín náà ti fi bíi mílímítà 10 kún òkun. Òkun kò sì mọ ààlà ìjọba. Èkó àti ẹnu odò Ọya yóò pín nínú omi náà, bí wọn kò tilẹ̀ fi nǹkan kan pamọ́ sábẹ́ yìnyín.