Crowther: Bí Orúkọ Onígòjé Ṣe Di Ti Bíṣọ́ọ̀bù Wa

Bí a bá dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, méjì nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó yé ọmọ Yorùbá láìsí àlàyé. Àmútọ̀runwá ni Àjàyí, orúkọ ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Sámúẹ́lì wà nínú Bíbélì. Kí wá ni ìtumọ̀ Crowther?

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó bí ọ̀pọ̀ orúkọ ìdílé. Smith ni alágbẹ̀dẹ, Taylor ni aránṣọ. Crowther náà bá wọn tan. Ohun èlò orin olókùn kan wà tí àwọn ará Wales ń pè ní crwth, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè ní crowd. Ọrun ni wọ́n fi ń ha okùn rẹ̀ kí ó tó dún. Ẹni tí ó bá ń fi í ṣeré ni wọ́n ń pè ní Crowther, àwọn tí ń jẹ́ orúkọ náà sì pọ̀ ní agbègbè Yorkshire. Bí a bá fẹ́ tú u sí èdè wa, onígòjé ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ sákárà Yusuf Olatunji rí mọ bí gòjé ṣe ń ké. Orúkọ eléré ni àgbà òjíṣẹ́ Ọlọ́run yìí jẹ́ dé ojú ikú!

Òṣoògùn, lápá Ìsẹ́yìn, ni ìlú rẹ̀. Ogun kó o ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní HMS Myrmidon gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ni Àlùfáà John Raban ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825. Orúkọ tí ó gbà lọ́jọ́ náà ní ẹni tí ń jẹ́ ẹ lọ́wọ́: Samuel Crowther, àlùfáà ìjọ Christ Church ní Newgate, Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ìránṣẹ́ CMS. Ti iwájú ti ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e fún ọmọ Òṣoògùn.

Bí nǹkan ṣe ń lọ ní Freetown nìyẹn. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ní England tí ń dáwó fún ẹ̀kọ́ ọmọ kan lè yan orúkọ tí ọmọ náà yóò máa jẹ́. Orúkọ Gómìnà Zachary Macaulay náà di ti àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà lóko ẹrú.

Àwọn kan máa ń fi èyí bú u pé ó gbé orúkọ bàbá rẹ̀ sọnù. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, Yorùbá kò ní orúkọ ìdílé tí ọmọ ń jogún bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ lágbájá, láti ilé báyìí, pẹ̀lú oríkì orílẹ̀ rẹ̀, ni a fi ń mọ ènìyàn. Àjàyí pàápàá kò ṣeé fi jogún, nítorí ẹni tí kò bá dojú bolẹ̀ wáyé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. (Lónìí, mélòó nínú àwọn tí ó ń jẹ́ Àjàyí ní orúkọ ìdílé ni wọ́n bí bẹ́ẹ̀?) Ohun tí ogun gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn ni àwọn ènìyàn tí ì bá máa pè é ní ọmọ lágbájá. Òṣoògùn jóná, àwọn ẹbí tú ká. Ní Freetown, ìwé ìjọ ni ó kù tí ó lè sọ ẹni tí ó jẹ́.

Ó wá fi orúkọ náà kọ́ ilé tirẹ̀. Asano, tí òun náà ti di Susan Thompson, ni ó fẹ́. Dandeson Coates Crowther ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wọn, orúkọ akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin wọn, Abigail, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, olùdásílẹ̀ CMS Grammar School ní Èkó. Àwọn ni ó bí Herbert Macaulay ní 1864, ọdún kan náà tí bàbá àgbà rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù.

Èyí tí ó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìyá rẹ̀, Àfàlá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọn kò fi fojú kan ara wọn kí wọ́n tó pàdé ní Abẹ́òkúta ní 1846. Nígbà tí ìyá ṣe ìrìbọmi ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́. Nínú Bíbélì, Hánà ni ó bí Sámúẹ́lì. Yorùbá pọ́ńbélé nìyẹn: orúkọ ọmọ ni a fi ń pe ìyá.

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹni tí ń jẹ́ ẹ sílẹ̀. Ní Oníṣà ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere dojú ìjà kọ bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà, wọ́n sì dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, Dandeson ọmọ rẹ̀ wà lára wọn. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, òyìnbó sì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1894, David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi ní Èkó, pa orúkọ òyìnbó tì, ó di Mọ́jọlà Agbébí.

Àwọn Crowther kò pa tiwọn tì. Àwa tí a wà lẹ́yìn ni a tún tò ó. Ní 2005, nígbà tí ìjọ Áńgílíkà dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, Ajayi Crowther University ni wọ́n pè é. Samuel ni wọ́n yọ kúrò. Wọ́n gbé Àjàyí síwájú, wọ́n sì fi onígòjé sílẹ̀ sí ààyè rẹ̀.