Torí Ọ̀rọ̀ Ìlú La Ṣe Kọ́ Gbọ̀ngàn Mápó

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ Gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn sí ilé ìgbéyàwó, ilé òkú àgbà àti ilé ìwúyè. Èmi mọ̀ ọ́n sí ibi iṣẹ́. Akọ̀wé káńsù Ìbàdàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwé owó orí ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi mí sí. Bàbá mi ti ṣe wolé-wolé ní káńsù yìí kan náà kí wọ́n tó gbà mí. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ni mo sì fi rí ìyókù.

Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí ilé náà. Kápútéènì Ross, Rẹ́sídẹ́ǹtì tó ń ṣàkóso gbogbo ẹkùn Ọ̀yọ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló wà nídìí kíkọ́ rẹ̀. Ẹnjiníà òyìnbó kan, Robert Jones, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Taffy, ló bójú tó iṣẹ́ náà. Wọ́n to òpó ràbàtà síwájú ilé bí ilé àwọn Gíríìkì àtijọ́, orí òkè ni wọ́n sì gbé e sí, kí ẹni tó wà ní Ọjà'ba àti ẹni tó ń bọ̀ láti Bẹẹrẹ lè gbójú sókè wò ó.

Ohun kan wà tí mi ò tíì gbọ́ kí àwọn tó ń yin ẹwà ilé yìí mẹ́nu bà. Ìbàdàn kò dá dúró lábẹ́ òyìnbó nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ross ti fi ìlú náà sábẹ́ Aláàfin Ládìgbòlù, ọ̀rọ̀ náà sì dun àwọn ìjòyè Ìbàdàn dé eegun. Wọ́n mọ̀ pé àwọn jagunjagun ìlú wọn ló dá ogun Ìlọrin dúró l'Óṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, tí ilẹ̀ Yorùbá fi rójú mí. Lọ́dún 1925, wọ́n yọ Baálẹ̀ Ìbàdàn, Ṣítù, ọmọ Ààrẹ Látòósà, lóyè. Ìlú tí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn àṣẹ fún. Ross kúrò lọ́dún 1931. Lọ́dún 1934, wọ́n yọ Ìbàdàn kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Lọ́dún 1936, nígbà Okùnọlá Abass Alẹ́ṣinlọ́yẹ́, oyè Baálẹ̀ di Olúbàdàn. Lójú tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni Mápó di ti Ìbàdàn.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò lẹ́wà tó òpó iwájú rẹ̀. Akódà a máa jíṣẹ́ ìjọba láti agboolé dé agboolé. Wolé-wolé bíi bàbá mi a jí lọ yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, àwọn ìyá a sì ti da omi nù kó tó wọlé. Owó orí ló wúwo jù. Àgbẹ̀ láti Àkànrán, Lálúpọn tàbí Èrúnmu a ká rìsíìtì rẹ̀ sínú àpò, kò ní jẹ́ kó jìnnà sí i, torí bí wọ́n bá dá a dúró lọ́nà tí kò sì rí i fi hàn, ó di èrò àtìmọ́lé. Mo ti rí bàbá àgbàlagbà kan tó kó rìsíìtì ọdún pípẹ́ wá síwájú tábìlì mi, tó so wọ́n pọ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ̀rù ìjọba ló so ó bẹ́ẹ̀.

Òfin ọdún 1952 ló gbé ìjọba ìbílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ìjòyè nìkan, tó fi í lé ẹni tí ìlú dìbò yàn lọ́wọ́. Lọ́dún 1954, ẹgbẹ́ òṣèlú Máboláje àti NCNC wọlé sí káńsù Ìbàdàn, Adégòkè Adélabù, tí wọ́n ń pè ní Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, sì di alága. Bàbá mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí Adélabù bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mẹ̀kúnnù a fi ọjà sílẹ̀ gun òkè wá. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ọ̀tá òṣèlú wọn, ló ń ṣèjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ tí òyìnbó Nicholson darí dìde láti wádìí káńsù náà. Lọ́dún 1956, wọ́n tú káńsù náà ká. Mi ò ní sọ pé ọwọ́ káńsù náà mọ́. Síbẹ̀, ọ̀tá òṣèlú ló ń wá ẹ̀sùn, ọ̀tá òṣèlú náà ló sì jókòó lórí ìdájọ́. Adélabù kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ nítòsí Òde-Rẹ́mọ lọ́dún 1958.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ìjà àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agbẹ́kọ̀yà dé. Àwọn ológun ti tú káńsù ká, kò sí kánsẹ́lọ̀ kankan tí àgbẹ̀ lè bá wí. Owó kòkó ti já wálẹ̀, owó orí kò wálẹ̀. Ní ìparí ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ wọ́ wá sí Mápó, pé ọgbọ̀n ṣílè ni àwọn lè san. Wọ́n yìnbọn lu àwọn àgbẹ̀ náà, ẹ̀mí sì bá a lọ. Inú igbó ni ìjà náà gbà lọ, Táfà Adéoyè ará Àkànrán sì di ẹni tí ìjọba ń wá. Lọ́dún 1969, ìjọba dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Mápó ni àwọn àgbẹ̀ náà gbà lọ nítorí ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé ìjọba ń gbé.

Lọ́dún 1991, wọ́n pín ìjọba ìlú Ìbàdàn sí márùn-ún. Káńsù Gúúsù Ìlà-Oòrùn ló ṣì wà ní Mápó, àwọn yòókù lọ wá ibòmíràn. Gbọ̀ngàn wá di ohun àyálò fún ẹni tó bá lówó àríyá. Mi ò bínú sí i, ilé tí èèyàn kò bá wọ̀ ni ó ń wó. Ó sì wú mi lórí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti fún àwọn Olúbàdàn ní ọ̀pá àṣẹ lọ́dún 2016, 2022, 2024 àti 2025. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ fún ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ilé ìlù nìkan. Kí káńsù márààrún máa jókòó pọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, kí wọ́n ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sétí aráàlú, kí ẹni tó bá ní ìbéèrè bi wọ́n.

Ìwọ tó ń ka èyí, yẹ inú àpótí bàbá rẹ wò. Bí o bá rí rìsíìtì owó orí, ìwé ìpè kóòtù ìbílẹ̀ tàbí lẹ́tà káńsù, má fi dáná, má fi di àkàrà. Gbé e lọ sí Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ wà. Ohun tí òyìnbó kọ nípa Mápó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti àwọn tó gun òkè náà lọ sanwó ló ṣọ̀wọ́n.