Ẹni Tó Kó O Kì Í Gbàgbé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Aṣebi ni wọ́n sábà ń fi òwe yìí bá wí: ó hùwà tán, ó kọrí sílé, ó fi ẹrù ìwà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n níbi tí èrò bá pé jọ sí, tí a gbé ilé ìgbẹ́ onígbà díẹ̀ kalẹ̀ fún wọn, bí òwe náà ṣe dún gan-an ló ṣe rí.

Ẹ wo Háítì. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010, ikọ̀ ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ láti Nepal wọ ibùdó Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kan nítòsí Mirebalais. Agbaṣẹ́ṣe ló ń fa ìgbẹ́ ibùdó náà, inú kòtò tí kò ní ìdérí ló sì ń dà á sí, ní agbègbè odò tó ń ṣàn lọ sínú Artibonite. Omi yẹn ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ń mu, òun náà ni wọ́n ń wẹ̀. Láàárín oṣù kan náà, àrùn onígbáméjì, tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀ níbẹ̀ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, bẹ́ sílẹ̀. Ó mú èèyàn tó ju 800,000 lọ, ó sì pa nǹkan bí 10,000. Ó di ọdún 2016 kí Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà Àjọ náà nígbà yẹn, tó tọrọ àforíjì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn tó sin òkú kò gbàgbé.

Nítorí pé ilé ìgbẹ́ jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, a máa ń tọ́jú rẹ̀ lójú ayé lásán. Kòkòrò àrùn ò sì bìkítà bóyá ọjọ́ mẹ́ta ni a ó lò ó tàbí ọgbọ̀n ọdún. Ìlànà Sphere, tí àwọn aṣèrànwọ́ ń tẹ̀ lé níbùdó àwọn tí àjálù lé kúrò nílé, ní kí èèyàn má ju 20 lọ fún ilé ìgbẹ́ kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, yóò kún, yóò máa rùn, wọn a sì gba inú igbó lọ. Kí ṣáláńgá fi 30 mítà, ó kéré tán, jìnnà sí kànga àti odò. Kí omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ọwọ́ ni ìgbẹ́ ń bá dé ẹnu. Kí ilẹ̀kùn ṣeé tì, kí iná sì wà lóru, kí ẹ̀rù má baà ba obìnrin láti wọ ibẹ̀.

Kíkó rẹ̀ ló ṣòro jù, nítorí ojú àlejò kì í rí i. Agbépòó nílò bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ àti omi tí yóò fi wẹ̀. Ẹni tó ń múra òde ìnáwó tàbí ìpàgọ́ ìsìn, kó bi agbaṣẹ́ṣe léèrè kó tó sanwó: níbo lẹ ń dà á sí? Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá ṣe gúnmọ́, kó wá ẹlòmíì.