“Gbọ́” kan, ọ̀nà púpọ̀: bí a ṣe ń lo “hear” ní èdè Gẹ̀ẹ́sì



Ọmọ ìlú wa kan lọ ṣiṣẹ́ oko ní Gánà. Ibà mú un, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn oníhóró méjìlá, ó sì ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì bí yóò ṣe lò ó: méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó sọ tán, ó bi í pé, “Do you hear me?” Ọmọ wa dáhùn kíá pé, “Yes, I hear.” Kò purọ́. Etí rẹ̀ gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì ketekete. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, “three” nìkan ló dá mọ̀. Ló bá ń lo mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lọ́sàn-án, mẹ́ta lálẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, oògùn ọjọ́ mẹ́ta ti tán. Òòyì ń kọ́ ọ, ó ń bì, Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ń bi í bóyá ọ̀rọ̀ náà yé e. Òun ń dáhùn pé ohùn dé etí òun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì lò, wọn ò sì sọ ohun kan náà.

Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ ṣàlàyé “hear” níbí. Àwọn ọmọ wa ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti sixième. Àwọn àgbà ń pàdé rẹ̀ ní Gánà àti ní Nàìjíríà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022, tí Tógò wọ Commonwealth ní Kigali pẹ̀lú Gabon, àwọn tó fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láàárín wa kò kéré.

“Gbọ́” tiwa àti ti àwọn aládùúgbò wa

Ní Yorùbá, ẹrù tí “gbọ́” ń rù pọ̀. A ń gbọ́ ariwo. A ń gbọ́ òórùn ẹja. A ń gbọ́ èdè. Ọmọ rere ń gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Baálẹ̀ ń gbọ́ ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ewe ń fi “se” sọ pé òun gbọ́ ìró, ó sì ń fi í sọ pé òun gbọ́ èdè. Bẹ́ẹ̀ ni “ji” ti Hausa, bẹ́ẹ̀ ni “te” ti Twi. Ẹni tó bá wọ táksí ní Kambolé, tó gba Tchamba kọjá lọ sí Sokodé, á kúrò láàárín Yorùbá, á gba àárín àwọn tó ń sọ Akaselem, á sì bọ́ sáàárín àwọn tó ń sọ Tem. Níbikíbi tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí, ìbéèrè tí wọn á kọ́kọ́ bi í ni: ṣé o gbọ́ èdè wa? Ìyẹn la ṣe ń gbé e wọnú Faransé, tí a ń wí pé “Tu entends éwé?” Ìyẹn náà la ṣe ń gbé e wọnú Gẹ̀ẹ́sì.

Ohùn tó dé etí

Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ni níléèwé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ “hear” ni pé kí ohùn wọ etí, yálà a fẹ́ tàbí a kò fẹ́. “Entendre” ni Faransé pè é. Àkùkọ kọ láàárọ̀, ẹ gbọ́ ọ lórí ibùsùn: “I hear the cock.” Ẹ kò ṣe ohunkóhun, etí ló ṣe é.

Tó bá jẹ́ ti àná, ó di “heard”. “I heard the cock yesterday.” Kò sí “heared” o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń pàdánù máàkì níbẹ̀. Ìró inú “heard” sún mọ́ ti “heure” Faransé, ẹ wá fi d parí rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà h. Faransé kì í pè é, nítorí náà ẹnu tó ti mọ́ Faransé lára á sọ “ear” dípò “hear”. “Ear” sì ni etí. Àwa ò yẹ kó ní ìṣòro níbẹ̀ rárá. Bí a ṣe ń pe h nínú ahọ́n àti ihò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ká pè é nínú “hear”. Ẹ lo ẹnu Yorùbá yín níbẹ̀, ẹ fi ti Faransé sílẹ̀. “Here”, tó túmọ̀ sí ìhín, dún bákan náà pẹ̀lú “hear”. Ìwé ló ya wọ́n sọ́tọ̀: “ear” wà nínú “hear”, bí etí ṣe wà nínú ìgbọ́ràn.

Ohun kan tún wà. Lórí tẹlifóònù, a máa ń wí pé, “Allô, mò ń gbọ́ yín.” Àwọn ọmọ wa á wá túmọ̀ rẹ̀ sí “I am hearing you.” Olùkọ́ á fa igi sí i. “I can hear you” ni ẹ sọ. Bí réseau kò bá dára, ẹ sọ pé “I can't hear you.”

“Hear” àti “listen”

“Listen” ni “écouter”. Ẹni tó ń “listen” ti tẹ́tí sílẹ̀, ó fẹ́ gbọ́. Ẹ lè “hear” rédíò aládùúgbò lórí ẹní yín láìfẹ́. Ṣùgbọ́n tí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀, tí ẹ jókòó tì í, ẹ ti ń “listen” nìyẹn. Ẹ má gbàgbé “to”: “I listen to the radio.” Faransé kò fi nǹkan kan sáàárín “écouter” àti “la radio”, nítorí náà àwọn tó kọ́ Faransé ṣáájú máa ń fo “to” yìí.

“Listen” yìí náà ló ń ṣiṣẹ́ ìgbọ́ràn ọmọ sí òbí. “He does not listen to his father”: kì í gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Tí ẹ bá sọ pé “He does not hear his father”, ẹ ti sọ pé bóyá etí ọmọ náà di.

Ẹ̀rín wà níbẹ̀ o. Láyé àtijọ́, “hear” ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń sọ pé ẹnìkan gbọ́ràn, bíi “gbọ́” tiwa. “Entendre” náà tẹ́tí sílẹ̀ kó tó di pé ó kàn ń gbọ́ ìró. “Ouïr” ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù nínú ayé àtijọ́ yẹn ni “malentendu” tí a ṣì ń lò tí ọ̀rọ̀ kò bá yé ara wa. Èdè tiwọn ló pín ẹrù náà fún ọ̀rọ̀ púpọ̀, tiwa kò pín in.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé e

“Hear from” ni pé ẹnìkan pè yín tàbí ó ránṣẹ́ sí yín. Faransé á ní “avoir des nouvelles de”. “Hear of” ni pé ẹ mọ̀ pé nǹkan tàbí ẹnìkan wà, “entendre parler de”. “Hear about” ni pé ìròyìn rẹ̀ dé etí yín. Ẹ rí i pé “de” ni Faransé fi parí méjèèjì tí a kọ́kọ́ dárúkọ. Ibẹ̀ ni ọ̀fìn wà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń wá ọmọ rẹ̀ tó lọ sí Accra. Tó bá sọ fún ọlọ́pàá pé “I have not heard from my son”, ó ti sọ pé ọmọ náà kò pe òun, kò ránṣẹ́. Èyí ló fẹ́ sọ. Tó bá sọ pé “I have not heard of my son”, ó ti sọ pé òun kò gbọ́ orúkọ ọmọ òun rí láyé. Ọlọ́pàá á máa wò ó.

“I hear that” ni “mo gbọ́ pé”, “il paraît que” ti Faransé. Ẹni tó bá sọ ọ́ kò sọ pé ojú òun ló rí i. Ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni “hearsay”, “ouï-dire”. “She won't hear of it” sì ni pé kò gbà rárá, kò tiẹ̀ fẹ́ kí a dá a sọ.

“Hearing” ní kóòtù, “hearing” ní ilé ìwòsàn

“Hearing” ni agbára etí láti gbọ́, “l'ouïe”. Bàbá àgbà tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, “hard of hearing” ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti kóòtù wá ní Gánà tàbí ní Nàìjíríà, tí “hearing” àti ọjọ́ kan wà lórí rẹ̀, kì í ṣe etí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ni, “audience” ti kóòtù wa ní Sokodé. Ẹ má ju irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí kọ̀rọ̀. “To hear a case” ni pé adájọ́ gbọ́ ẹjọ́. Àwọn baba wa ní àgbà òṣìkà ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Níbí, “gbọ́” àti “hear” bára mu wẹ́kú.

Ibi tí ẹ ti máa fi “hear” sílẹ̀

Tí ẹ bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò BEPC tàbí tí ẹ ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì:

Òórùn: ẹ lo “smell”. Mo gbọ́ òórùn ẹja, “I smell fish.”

Èdè: ẹ lo “understand”. Mo gbọ́ Faransé, “I understand French.”

Ọ̀rọ̀ tó yé yín: “understand” náà ni. Ó yé mi, “I understand.”

Àṣẹ: ẹ lo “obey”, tàbí “listen to”.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ará ọjà rẹ́rìn-ín. Nígboro Gánà, ẹ ó gbọ́ “Do you hear Twi?” Nínú pijin Nàìjíríà, ẹ ó gbọ́ “You dey hear Hausa?” Wọ́n ń béèrè bóyá ẹ gbọ́ èdè náà ni. Àwọn tó ń sọ ọ́ ń gbọ́ ara wọn yé, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni ibi tí a wà. Ọjà ní tirẹ̀, ìwé ìdánwò ní tirẹ̀. Nílé ìwòsàn, ìgboro àti ìwé lè pàdé lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa yẹn.

Gbólóhùn méjì tó yẹ kó wà lẹ́nu wa

Àkọ́kọ́: “I can hear you, but I do not understand. Please say it again slowly.” Mo ń gbọ́ ohùn yín, ṣùgbọ́n kò yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Èkejì: ẹ tún ọ̀rọ̀ náà sọ padà fún ẹni tó sọ ọ́. “Two in the morning, two at night, three days?” Tí ẹ bá ṣì í gbọ́, á tún un ṣe fún yín níbẹ̀. Tí Gẹ̀ẹ́sì yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìka kà á, ẹ nawọ́ sí oògùn, tàbí kí ẹ ní kó kọ ọ́ sórí páálí oògùn náà.

Àwọn àgbà ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní ń dá sílẹ̀. Nídìí oògùn, ohun tó ń dá sílẹ̀ ju ìjà lọ. Ẹ bá wa ka àpilẹ̀kọ yìí sétí àwọn tó ń múra ìrìn àjò Gánà, pàápàá àwọn tí kò mọ̀wé, kí wọ́n sì kọ́ gbólóhùn méjèèjì yìí sórí kí wọ́n tó wọ mọ́tò.