kábúrétọ̀

Ìsọ̀rí: ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀ àyálò.
Ohùn: òkè, òkè, òkè, ìsàlẹ̀.
Ẹ̀dà: kábúrẹ́tọ̀.

Ìtumọ̀

Ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì abẹntiróòlù níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń dàpọ̀ kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ jóná. A máa ń rí i lára alùpùpù, jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ̀rọ ìgékoríko àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìgbàlódé kì í sábà ní in mọ́.

Ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú kábúrétọ̀ fún ní àárín. Níbi tí ọ̀nà bá ti fún, afẹ́fẹ́ a máa yára sí i, agbára tí ó fi ń tẹni a sì dín kù. Èyí ni ó ń fa epo gòkè láti inú ago kékeré tí ó wà nísàlẹ̀. Giovanni Battista Venturi, onímọ̀ ará Ítálì (1746–1822), ni a fi orúkọ rẹ̀ pe irú ọ̀nà tóóró bẹ́ẹ̀. Kí bẹntiróòlù kílò 1 tó lè jóná tán, yóò gba afẹ́fẹ́ bíi kílò 14.7. Iṣẹ́ ẹni tí ń sẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ ni láti mú àdàlù náà wà ní ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́.

Orísun

Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, bí a ti ń pè é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìparí rẹ̀ gba ohùn ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń bá a rìn

*fọ kábúrétọ̀:* láti tú u palẹ̀, kí a sì fi bẹntiróòlù tàbí afẹ́fẹ́ yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀.
*sẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀:* láti yí àwọn sikúrù rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dúró dáadáa. Nínú ìwé, a lè kọ ọ́ báyìí: *ṣètò ìwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́*.
*tún kábúrétọ̀ ṣe:* láti ṣe èyí tí ó ti bàjẹ́.
*pààrọ̀ kábúrétọ̀:* láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, nítorí owó wọn kò dọ́gba:

– Ọ̀gá, ṣé fífọ̀ ni ẹ máa fọ̀ ọ́ ni, àbí kí n lọ ra òmíràn ní Àràròmí, ní Géètì?
– Màmá, ẹ má tíì náwó. Kò bàjẹ́ rárá, sísẹ́ẹ̀tì ló fẹ́.

Àkíyèsí ìlò 1: epo pọ̀, epo kò tó

Èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ *lọ́rọ̀*, tàbí pé ó *rù*. Bí atúmọ̀ bá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì wọ inú Yorùbá bẹ́ẹ̀, kò sí mẹkáníìkì kan ní Agbowó tàbí ní Challenge tí yóò mọ ohun tí ó ń wí. Ohun tí ó pọ̀ jù, tàbí ohun tí kò tó, ni Yorùbá máa ń dárúkọ: *epo ti pọ̀ jù*, *epo kò tó*, *afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù*.

Púlọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí. Bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun, epo kò tó, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa gbóná ju bó ti yẹ lọ. Àwọ̀ ilẹ̀ tí kò pọ́n jù ni ó dára.

*Ó ń mu epo* ni a ń sọ nípa ẹ̀rọ tí ń jẹ epo ju agemọ lọ ní ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí epo sì gbówó lórí, ẹ̀sùn ńlá ni gbólóhùn yìí lẹ́nu ọlọ́kadà.

Àkíyèsí ìlò 2: *dè é* kì í ṣe *dín in kù*

Ibi tí àṣìṣe ti ń ba ẹ̀rọ jẹ́ nìyí. Sikúrù kékeré tí ń darí àdàlù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pín sí oríṣi méjì.

Èyí tí ó wà lápá ibi àsẹ́ afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ni ó ń darí. Bí a bá dè é, afẹ́fẹ́ a dín kù, epo a sì pọ̀ nínú àdàlù. Bí a bá tú u, afẹ́fẹ́ a pọ̀ sí i.

Èyí tí ó wà lápá ẹ́ńjìnnì, epo ni ó ń darí. Bí a bá dè é, epo a dín kù. Bí a bá tú u, epo a pọ̀ sí i.

Ìṣe ọwọ́ kan náà, àbájáde méjì tí ó tako ara wọn. Nítorí náà, bí ìwé ìtọ́ni bá sọ pé kí a yí sikúrù wọlé, kí atúmọ̀ kọ *ẹ dè é*, kí ó má kọ *ẹ dín epo kù*. Bí ìwé bá sì sọ àbájáde, àbájáde ni kí ó kọ. Kí ó má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Sikúrù kẹta wà, tí ń mú kí ẹ́ńjìnnì sáré sí i tàbí kí ó rọlẹ̀ nígbà tí a kò fún un níná. Ìyẹn kì í dá àdàlù padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi kún un kí ẹ́ńjìnnì má baà kú ti bo àìsàn mọ́lẹ̀ ni, kò wò ó sàn.

*Àpẹẹrẹ ìtọ́ni tí ó já gaara:* Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ sì pa á. Ẹ rọra dè sikúrù náà títí yóò fi kanlẹ̀. Ẹ má fi agbára dè é, kí ẹnu rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ẹ tú u padà ní iye ìyípo tí ìwé ẹ̀rọ yín sọ. Ẹ ṣí ẹ́ńjìnnì padà, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìró rẹ̀ yóò fi já geere.

Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, èyí tí a ń gùn nínú oko àti lórí iyanrìn, kò wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n irú kábúrétọ̀ ọ̀kadà ni ó wà lára púpọ̀ nínú wọn, èdè mẹkáníìkì ọ̀kadà sì tó láti túmọ̀ ìwé rẹ̀.

Àkíyèsí ìlò 3: *èéfín* àti ohun tí a kò rí

Ohun tí ojú rí ni Yorùbá ń pè ní *èéfín*. Èéfín dúdú fi hàn pé epo ti pọ̀ jù. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń da ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, irú èyí tí àwọn ènìyàn fi ṣẹ̀fẹ̀ pè ní *I better pass my neighbour*, èéfín tí ó dà bí funfun lè jẹ́ ti ọ́ìlì lásán.

Ṣùgbọ́n carbon monoxide, tí í pa ènìyàn lójú oorun, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó a máa pọ̀ sí i nígbà tí epo bá pọ̀ jù, síbẹ̀ kò sí bí a ṣe lè sẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ tí yóò fi tán pátápátá. Bí atúmọ̀ bá kọ *ẹ yẹra fún èéfín jẹnẹrétọ̀*, ẹni tí kò rí èéfín yóò rò pé òun ti bọ́ nínú ewu, yóò sì gbé ẹ̀rọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn. Kí a kọ ọ́ báyìí: *Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìta gbangba, jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ olóró tí a kò lè rí ń ti inú rẹ̀ jáde, bí kò tilẹ̀ rú èéfín.*

Wo pẹ̀lú: alùpùpù, èéfín, jẹnẹrétọ̀, púlọ́ọ̀gì, sẹ́ẹ̀tì, sikúrù.